Ife Bàbá Mi Nílé Kọfí Jàpáànù

Ẹ jókòó dáadáa. Àlá tí mo lá lóru àná kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dúró gbọ́, orúnkún ló máa kọ́kọ́ dùn yín.

Nínú àlá náà, mo gbé omi tí mo fi fọ àwo jáde, mo fẹ́ lọ dà á sẹ́yìn ilé wa ní Ìkìrun. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé báyìí, Jàpáànù ni. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ìgbà tí ẹ̀yin bá lá tiyín, ẹ ó mọ ibi tí ẹ wà. Mo rọra da omi mi sí gọ́tà wọn, mo gbé bàsíà lérí, mo ń lọ.

Ilé kọfí kan wà níwájú, ilé àtijọ́ tí pákó ara rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n to oúnjẹ sójú fèrèsé: ìrẹsì, ẹyin díndín, búrẹ́dì tó nípọn bíi bíríkì. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ìda ni wọ́n fi mọ gbogbo rẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ni ẹyin díndín bi mí. "Mo ti wà níbí kí wọ́n tó bí ọ, kò sì sẹ́ni tó tíì jẹ mí."

Mo ní, "Ẹ kú ìfaradà, sà." Kí ni kí n sọ? Àgbà ni.

Mo wọlé. Agogo kékeré tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ tó fi wọlé." Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, irin lásán.

Inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀. Àrán pupa ni wọ́n fi bo àwọn àga, ìdí àwọn oníbàárà sì ti mú kí ó pá lórí. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ń yí, ó ń họ bí ẹni ń fá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Lórí káńtà, ìgò méjì gun ara wọn lórí, iná ń jó lábẹ́ wọn, omi kọfí sì ń gòkè dípò kó máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àlá o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, mo ti rí i lórí fóònù.

Lẹ́yìn káńtà, wọ́n to ife àwọn oníbàárà wọn sórí pẹpẹ, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Láàárín àwọn ife olódòdó, mo rí ife tánganran bàbá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, Bàbá Rélùwéè, ẹ mọ ife yẹn. Funfun ni, etí rẹ̀ búlúù, ó ní àpá dúdú níbi tó ti já bọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà. Òun ló fi ń mu kọfí kí oorun má baà gbé e lọ nígbà tó bá ń ju àsíá fún ọkọ̀. Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi gba ilé, wọ́n gba kẹ̀kẹ́, wọ́n gba ẹ̀wù sányán. Èmi ní ife nìkan ni mo fẹ́. Ọjọ́ fìdáù ló pòórá. Ọwọ́ Àǹtí Sìdíkátù, àbúrò bàbá mi tó ń gbé Ìrágbìjí, ni kọ́kọ́rọ́ yàrá sì wà lọ́jọ́ náà.

Ẹ mọ̀ mí, n kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo ti bú káńsẹ́lọ̀ lójú ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn, ìkíni ló fi ń pa mí. Bí mo bá ti pè é láti bèèrè ife, á kí mi, á kí ọkọ mi, á kí ògiri ilé mi, á wá máa ki oríkì mi. Màá wà lórí ìkúnlẹ̀ bí ọmọ ilé-kéú títí owó fóònù á fi tán.

Ẹni tó ni ilé kọfí jáde sí mi, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Moríyámà. Táì tó dà bíi labalábá ló so mọ́ ọrùn. Yorùbá ló ń sọ, ohùn Ìjẹ̀ṣà ló sì fi ń sọ ọ́.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí, ó sì tẹríba fún mi.

Ẹni tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí? Mo kúnlẹ̀ kíá, ti bàsíà ti bàsíà. Ó rí i pé mo ti rẹlẹ̀ jù ú lọ, ó tún tẹ̀ wálẹ̀ sí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkíni ṣépè fún mi."

"Oníbàárà ni yín."

"Ọmọ yín ni mí."

Ó tẹ̀ títí táì rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Mo bá gbé bàsíà kalẹ̀, mo yíìnká bí ìyàwó ọjọ́sí. Òun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sí ibi tó kù tí a lè rẹlẹ̀ sí mọ́. Ilẹ̀ ilé kọfí wò wá, àánú wa ṣe é. Ó ní, "Ẹ kọjá," ó sì ṣí.

Òkè la já bọ́ sí. Ọ́fíìsì kan ló léfòó lórí ooru kọfí, tábìlì gbọọrọ wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó wọ kóòtù sì jókòó tì í. Pẹpẹ ife àti ìgò kọfí ti tẹ̀ lé wa débẹ̀, èmi àti Bàbá Moríyámà ṣì wà nílẹ̀ tí à ń kí ara wa.

"Ọ́fíìsì Ohun Àtijọ́ nìyí," ni alága wọn wí, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan. "Kí lẹ wá gbà?"

"Ife bàbá mi."

"Òfin wà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde, ife ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo wo Bàbá Moríyámà. Ó ti fi bàsíà mi ṣe ìrọ̀rí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní dìde?"

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìkíni ni," ló wí.

Mo bá kọjú sí alága. "Ara mi ló wà nílẹ̀ o, ẹnu mi ò kúnlẹ̀. Ta ló fi yín jẹ? Ta ló rán kóòtù yín tí apá kan fi gùn ju èkejì? Irùngbọ̀n yín yẹn gan-an, ṣé ẹ rà á ni àbí ẹ yá a?"

Ó la ẹnu láti fèsì, "mẹ̀ẹ̀" ló jáde. Ìwo yọ lórí rẹ̀. Àwọn méjì yòókù wojú ara wọn, wọ́n ní ohun tí ọ̀gá bá ti sọ làwọn náà sọ, "mẹ̀ẹ̀". Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti dé ọ́fíìsì ìjọba rí.

Wọ́n jẹ táì ara wọn tán. Kọfí inú ìgò sì dà sínú ife bàbá mi fúnra rẹ̀, òórùn àárọ̀ ilé wa gba gbogbo ibẹ̀. Mo fẹ́ sunkún. Ni òbúkọ tó ti jẹ́ alága bá rìn lọ síbi pẹpẹ, ó ti ẹnu bọ ife.

Mo dìde. N kò rò ó wò. Ẹnu òbúkọ nínú ife bàbá mi, èmi sì ń yíìnká?

"Ó ti dìde," ni Bàbá Moríyámà wí lórí bàsíà. Kò tilẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Mo ní ó parí nìyẹn. Ni ife bá sọ̀rọ̀, ohùn bàbá mi gan-an, èyí tó fi ń pariwo sí ọkọ̀ ojú irin.

"Àwẹ̀ró, o mà pẹ́ nílẹ̀ o. Bí èèyàn bá kíni tán, ṣebí á dìde, á sọ ohun tó bá wá."

Mo na ọwọ́, mo di etí ife mú. Òbúkọ fi eyín di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Bí a ṣe ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́, ife bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fóònù.

Mo jí. Fóònù mi ló ń dún. Àǹtí Sìdíkátù ni, ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ọmọ Rélùwéè, ṣé dáadáa lẹ jí? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Òjò tiyín lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo dá a lóhùn gbogbo rẹ̀, n kò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo dìde.

"Àǹtí, ife tánganran bàbá mi dà?"

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni "mẹ̀ẹ̀".

"Ife wo?" ló wí. "Èyí elétí búlúù? Òun náà nìyí tí òbúkọ fi ń mu omi."

Mi ò bú u. Àgbà ni, mo sì ti kí i tán. Ẹni tó jókòó lé bàtà mi nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ìrágbìjí ni mò ń lọ.