Àwọn Àlejò láti Kétu

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ọ̀gbẹ́ni Bándélé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Osi, fi ń kìlọ̀ fáwọn olùkọ́ rẹ̀. Àlejò ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè Benin, olùkọ́ bíi tiwọn, wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní Nàìjíríà.

"Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni o," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ará oko ni wá."

Àríkẹ́ Ìbítóyè ni olùkọ́ kíláàsì kẹta. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń fi Yorùbá la ìṣirò yé ọmọ àgbẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ náà á yadi bí òun bá gbé Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọ̀gá jiyàn?

Lọ́jọ́rú, ọkọ̀ já àlejò mẹ́ta sílẹ̀. Obìnrin onígíláàsì ojú kan, Màdáàmù Ògúndélé, ló ṣáájú wọn. Ọ̀gá fi Gẹ̀ẹ́sì kí wọn títí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń mirí. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì kẹta, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni màdáàmù lọ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Saadat, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ.

Àríkẹ́ gbé iṣu kan lé tábìlì, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bí a ṣe ń pín odidi. Ó bi àwọn ọmọ náà léèrè. Ọwọ́ kankan ò nà sókè. Saadat tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ń wo òrùlé. Ojú ti Àríkẹ́ bí ẹni tí ìró tú mọ́ nídìí lójú ọjà.

Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, kí ni tíṣà yín ń wí?" Màdáàmù ló ń bi Saadat, ní Yorùbá tó já gaara.

"Wọ́n ní ká pín usu ni, mà," Saadat fi ohùn Osi dáhùn. "Ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"

"Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Ará Kétu ni mí."

Kétu! Ìlú Yorùbá ni. Àríkẹ́ wo ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wolẹ̀. Àríkẹ́ bá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá gé iṣu yìí sọ́nà mẹ́jọ, tí Tóbilọ́ba jẹ mẹ́ta, kí ló kù?"

Ọwọ́ nà sókè bí ewé àgbàdo. "Ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ!" Tóbilọ́ba nìkan ni ò gbà, ó ní òun ò lè dá jẹ mẹ́ta, ìyá òun á na òun. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gé e, wọ́n kà á, Saadat sì kọ ìdáhùn sí pátákó tòun ti àmì orí ọ̀rọ̀. Màdáàmù dìde lọ bá a.

"Ta ló kọ́ ọ láwọn àmì kéékèèké yìí?"

"Tíṣà wa ni. Kí lorúkọ yín, mà? Ẹ jẹ́ n kọ ọ́."

Ó kọ Ògúndélé, ó fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì, ó nujú.

"Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mo ti ń jẹ́ orúkọ yìí. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tí a kọ ọ́ bí bàbá mi ṣe ń pè é."

Lẹ́yìn náà, lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀gá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Màdáàmù ò pọ́nni lé lásán. Ó ní àwọn rí ọmọ mẹ́rin tó há mọ́ bẹ́ǹṣì kan, àwọn rí páànù tó ti ṣí lórí kíláàsì.

"Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà léwe, bí mo bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, egungun ẹran ni wọ́n ń so mọ́ mi lọ́rùn láti fi dójú tì mí. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni, n ò tíì rí ibi tí ọmọ ti ń fi èdè ìyá rẹ̀ ronú ìṣirò rí. Ẹ jẹ́ kí n da ìwé ètò ẹ̀kọ́ obìnrin yìí kọ."

Ọ̀gá wúkọ́. "Ìyáàfin Ìbítóyè, ṣé ẹ lè kọ́ àwa tó kù láàárọ̀ Jímọ̀?"

"Mo lè kọ́ yín, sà." Àríkẹ́ lọ gbé ìwé rẹ̀ wá.

Títí ọkọ̀ fi dé, àwọn obìnrin méjèèjì wà lórí bẹ́ǹṣì, Àríkẹ́ ń pè, màdáàmù ń kọ. Bó bá ṣi àmì kan kọ, Àríkẹ́ á ní, "Ó tì o, mà, ohùn ìsàlẹ̀ ni."