Ìyá Ojú-ewé

Nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pe Ìyá Ojú-ewé lọ́jọ́ Ajé, ó ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bá òun sọ kó tó jókòó. Láti ìgbà tí nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn ti yí padà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ fagbára mú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà méjì ló wà: yálà kí Ìyá Ojú-ewé máa fọwọ́ kọ ìkànnì ilé ìwòsàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bó ṣe ń kọ ọ́ bọ̀, tàbí kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ètò tuntun kan, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á máa wọlé fúnra wọn, tí wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ tiwọn sínú àpótí, tí ẹ̀rọ á sì bá wọn tò ó. Ọ̀gá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa kóòdù tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó yàn. Kó lọ rò ó, kó mú èsì wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó dúpẹ́, ó gun àtẹ̀gùn padà sí yàrá rẹ̀ lókè pátápátá, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo ti kọjú sí ilé ìfọṣọ, tí ooru omi gbígbóná máa ń bo dígí rẹ̀. Ó jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ọ̀sẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Wọn ò ṣàdédé sọ ọ́ ní Ìyá Ojú-ewé o. Òun ló bí gbogbo ojú-ewé ìkànnì náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé ìwòsàn náà kéré, ojú-ewé rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ẹ̀ka tuntun bá dé, á mú ojú-ewé kan tó wà nílẹ̀, á dà á kọ, á pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́, á fi tuntun dípò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti inú ọ̀kan bí òmíràn títí wọ́n fi lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní orí àti ẹsẹ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà fóònù sì wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Bí nọ́ńbà bá yí padà, àfi kó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ lè bá a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbà á láyè rí, ẹ̀rọ sì da àkókò àwọn dókítà rú débi pé wọ́n ń darí aboyún sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Látìgbà náà, ojú ara rẹ̀ nìkan ló fọkàn tán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun ló máa ń wí. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ò sọ fún wa iye ọdún tí èèyàn máa fi fẹ̀sọ̀ mú nǹkan kí apá tó ro ó.

Iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, ká má parọ́. Ojú-ewé rẹ̀ fúyẹ́. Fóònù tó ti gbó, tí dígí rẹ̀ ti sán, ń ṣí i wéré. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń tóbi bí ẹni tó ń kà á bá ṣe fẹ́, nítorí ìyá tó bí i ló sì ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ti àwọn tó ń lo irú ètò tuntun yìí níbòmíì: ojú-ewé tó ń wọ́ bí ìgbín, àwòrán tó ń jó lórí ọ̀rọ̀, akọ̀wé ẹ̀ka kan tó fi fọ́tò ìgbéyàwó ara rẹ̀ sí ibi tó yẹ kí fọ́tò ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà. Kó wá kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ lé irú wọn lọ́wọ́? Lọ́kàn rẹ̀, èsì ọjọ́ Ẹtì ti wà nílẹ̀. Rárá ni.

Ní ti ìyá rẹ̀ yìí, ojú ń dùn ún. Awọ funfun ti bo ti ọ̀tún, ti òsì náà ti ń ṣú bọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ka ojú nílé ìwòsàn yìí kan náà sì ti fún un ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Wọ́n ní kó má jẹun, kó má mu omi, kó sì tètè dé, nítorí ẹni tó bá pẹ́, ipò rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá pè é pé ẹnu ọ̀nà wo lòun máa gbà wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, ojú ń ta á.

“Màmá, ẹ ṣí fóònù yín,” ó ní. “Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́.”

Ìyá ní ó ti dáa, òun á kà á, kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó jọ̀wọ́ lọ sinmi.

Lọ́jọ́rú, ó ti wà lókè látàárọ̀, ó ń pààrọ̀ nọ́ńbà. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mẹ́gáàdì pè é. Ó ní ìyá àgbàlagbà kan wà nísàlẹ̀, ó ní òun ló bí Ìyá Ojú-ewé, ó sì jọ pé ebi ti ń pa á.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe rí àgádágodo lára ilẹ̀kùn ẹ̀ka ojú báyìí, ó rántí. Wọ́n ti kó ẹ̀ka ojú lọ sí ilé tó wà ní òdìkejì títì. Nọ́ọ̀sì wọn ti ránṣẹ́ sí i pé kó bá wọn yí i lójú-ewé. Ìyá Ojú-ewé ti rí i. Ó ní bí òun bá parí nọ́ńbà fóònù, ìyẹn ló kàn. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì onírin níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì náà, ó gbé báàgì lé itan, ètè rẹ̀ gbẹ.

Mẹ́gáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ó ní òun sọ fún màmá pé wọ́n ti kó lọ, òun tiẹ̀ ní kí òun fọwọ́ mú wọn sọdá, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

“Mo ní ọmọ mi ló kọ ọ́ pé ibí ni,” ìyá fèsì. “Ọmọ mi kì í kọ irọ́. Mo rò pé wọ́n kàn pẹ́ ni, pé wọ́n á wá ṣí i.”

Wọ́n sọdá títì. Nọ́ọ̀sì wo ìwé ìyá, ó mi orí. Ẹlòmíì ti wà lórí tábìlì. Ipò mìíràn ò ní ṣí fún oṣù mẹ́rin, dókítà sì ti kọ ọ́ pé ojú òsì ò yẹ kó dúró tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò bínú, ìyẹn ló tún dunni jù. “Ìyá Ojú-ewé, mo ránṣẹ́ sí yín,” ló kàn sọ, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ra búrẹ́dì fún ìyá rẹ̀, wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ìyá jẹ díẹ̀, ó tún mú fóònù sún mọ́ imú, ó sọ lẹ́tà náà di ńlá títí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré fi gba gbogbo dígí.

“Ó jọ pé mo ṣì í kà ni,” ó ní. “Ojú mi yìí náà ni. Má bínú, ọmọ mi, mo ti fi iṣẹ́ rẹ ṣòfò lónìí.”

Ìyá Ojú-ewé ì bá lè dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ì bá lọ bẹ́ẹ̀, ojú ni wọn ì bá dá lẹ́bi, ojú ò sì lẹ́nu tó máa fi wíjọ́.

“Rárá, Màmá. Ẹ kà á dáadáa. Ohun tí mo kọ ni kì í ṣe òótọ́ mọ́, mi ò sì tètè yí i.”

Ìyá pa fóònù, ó rọra fi sínú báàgì, ó sì ń wo ibi tí bọ́ọ̀sì máa gbà yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí i.

Ìyá Ojú-ewé ò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Ó lọ bá ọ̀gá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí wọ́n mú ètò tuntun wá. Ọ̀gá bi í pé kí ló dé tó fi yí ọkàn padà. Ó ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, pé òun ti ń gbìyànjú ẹ̀ ó ti pẹ́. Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá náà ò sì tún bi í.

Oṣù mẹ́rin náà pé. Ojú òsì ìyá ti ṣú gan-an, àfi kí èèyàn fọhùn kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú-ewé ẹ̀ka ojú nínú ètò tuntun: lẹ́tà pupa, ìlà abẹ́ méjì-méjì, àwòrán òdòdó kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ìyá Ojú-ewé rí i, ọwọ́ ń yún un, ó sì fi í sílẹ̀. Lálẹ́ tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ìyá rẹ̀ pè é.

“Wọ́n ti kọ ọ́ ní pupa,” ìyá ní. “Ìwọ kọ́ lo kọ èyí.”

“Rárá o. Nọ́ọ̀sì ni.”

“Ṣé òótọ́ ni ohun tó kọ?”

“Òótọ́ ni, Màmá.”

“Ó dáa,” ìyá ní. “Ṣùgbọ́n tí mo bá dé, màá kọ́kọ́ bi mẹ́gáàdì.”

“Ẹ bi í, Màmá,” ó ní, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ìyá ti gé e.