Ọjọ́ tí Ilé Leocadio Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní Sampalukan, abúlé wa, bí ènìyàn bá fẹ́ kó kúrò níbì kan, ilé gan-an ni à ń gbé. Àwọn ọkùnrin á ki ọ̀pá oparun bọ abẹ́ rẹ̀, wọn á gbé e lé èjìká pẹ̀lú òrùlé ewé rẹ̀, wọn á sì máa rìn. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó. Oúnjẹ ni ẹ̀san, ìyàwó onílé ni ó sì ń sè é.

Leocadio mọ èyí dájú nígbà tí ó mú ọjọ́. Ó ti pẹ́ tí odò ti ń jẹ bèbè tí ilé rẹ̀ wà, kò sì kà á sí. Ìgbà tí ìjọba kéde ni ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá: ní ìparí oṣù kẹrin, àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé yóò fi ìbò sọ bóyá kí obìnrin máa dìbò. Bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún obìnrin kò bá kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", ọ̀rọ̀ parí. Ọjọ́ ìbò yẹn gan-an ni Leocadio mú láti gbé ilé.

Ó wí fún Eulalia, ìyàwó rẹ̀, pé, "Gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló ń bọ̀ wá jẹun o. Àfi kó o dìbò fún ìkòkò."

Aáyù ni Eulalia ń bó. Kò gbé ojú sókè.

"Orí ilẹ̀ ta lẹ ń gbé ilé lọ?"

"Ilẹ̀ wa ni."

"Ilẹ̀ ìyá mi ni. Èmi ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, síbẹ̀ mi ò lè ta igi àgbọn kan níbẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i. Ọkùnrin nìkan ló ṣe òfin yẹn. Èmi máa dìbò."

"Ìwọ tó máa wà nídìí ààrò? Ẹni tó bá jókòó sílé, 'Rárá' ló dì yẹn."

Ní àṣálẹ́, Eulalia tọ Aling Potenciana lọ, opó àgbà tí ó kọ́ àwa obìnrin ní ìwé lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀.

Eulalia ní, "Tí mi ò bá sè, ẹ̀gàn ni títí ayé. Tí mo bá sì sè, ìbò lọ nìyẹn."

Ìyá àgbà náà bínú. "Ta ló ní kó o má sè? Sè é kó dùn! Ṣé oúnjẹ máa ń dúró sẹ́yìn ilé ni? Ibo ni ilé yín máa gbà kọjá?"

Eulalia bojú wo títì. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Igi àgbọn ni ó yí wa ká; ojú títì nìkan ni ó fẹ̀ tó kí ilé gbà á kọjá, ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò ti dìbò ni títì náà sì gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìbò mọ́, a ti se ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi ọtí kíkan sè. Ilé gbéra, àwa obìnrin ru ìkòkò tẹ̀lé e. Nígbà tí a dé iwájú ilé-ẹ̀kọ́, Eulalia sọ tirẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi. Gbogbo wa sọ tiwa.

Leocadio kígbe láti abẹ́ igun iwájú: "Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ oúnjẹ kalẹ̀? A ò tíì débẹ̀!"

"Àwa ti débi tá à ń lọ."

"Eulalia! Padà wá síbí!"

"Ẹ wá mú mi."

Ó mi èjìká. Ilé fì.

Mang Simeon, bàbá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, figbe ta. "Yéè! Leocadio, tó o bá yọ èjìká, orí èmi ni ilé ẹ máa wó lé! Dúró jẹ́ẹ́!"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà, bàbá."

"Síbo? Oúnjẹ ń bẹ níbí."

"Ká sọ ọ́ kalẹ̀ ná."

"Sójú títì? Kí oríkèé oparun tú, kó o wá ní àwa la bà á jẹ́?"

Báyìí ni wọ́n ṣe dúró nínú oòrùn, tí ilé wà lórí wọn bí akẹtẹ̀.

Nínú yàrá ìbò, akọ̀wé wo Eulalia tìfuratìfura. "Ṣé ọkọ yín mọ̀ pé ẹ wà níbí?"

"Ẹ yọjú lójú fèrèsé. Òun ló ru ilé yẹn."

Akọ̀wé yọjú, ó sì na ìwé ìbò sí i. Ọwọ́ tí ó ń rùn aáyù ni Eulalia fi kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", gàdàgbà gàdàgbà, kò sì kánjú. Àwa yòókù tẹ̀lé e. Aling Potenciana ni ó kẹ́yìn, ìyẹn kò sì kánjú rárá.

Nígbà tí Eulalia jáde, òógùn ti bo Leocadio lójú.

"O kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́. Ẹ gbéra, ìrẹsì ń tutù."

Nígbà tí a dé orí ilẹ̀ ìyá rẹ̀, Leocadio pàṣẹ pé kí ojú ilé kọ sí oko, bí òun ti ń fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Eulalia rìn lọ síwájú ilé, ó fi ìpọn ìrẹsì fa ìlà sórí ilẹ̀.

"Ibí ni àtẹ̀gùn máa wà. Ojú títì ni kó kọ sí."

Àwọn ọkùnrin ṣì ru ilé. Èjìká ti bó. Mang Simeon wo ìkòkò, ó wo Leocadio.

"Onílẹ̀ ti sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ẹ yí i."

Wọ́n yí i. Leocadio wà ní igun iwájú; òun ni ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀.