Fèrè Tí Ẹyẹ Yóò Gbé Lọ

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwọn mẹ́rin wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí ó ń ta fèrè, tí ó sì ń tún wọn ṣe: káfíńtà kan, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹyẹ, àti tíṣà tí ó ti ń kọ́ ọmọ náà ní orin láti ọdún mẹ́fà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti orin ti kọ̀wé pé àwọn yóò gba Ẹyẹ, bí ó bá lè fun fèrè níwájú àwọn olùkọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ láìjẹ́ kí ohùn yẹ̀. Fèrè tí ó wà nílé sì ń yẹ̀. Tíṣà ní ètè ọmọ ni. Ìyá ní fèrè ni ó gbó. Bàbá, ẹni tí àwọn oníbàárà sọ ní Bàbá Mú-un-le nítorí pé àga tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í mì, gbà láti ra tuntun lórí àdéhùn kan ṣoṣo.

"Bí tuntun bá yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ilé yá, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. N kì í ra ayùn tuntun fún ẹni tí kò mọ pákó rẹ́."

"Bàbá Ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí ó fẹnu kàn án ná," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Yàrá náà tóóró, ó ń rùn fún òróró ẹ̀rọ. Fèrè mẹ́ta wà lórí tábìlì tí a fi aṣọ tó nípọn bò. Onífèrè nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mo to ohùn wọn fúnra mi láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi, má wo èyí tó ń dán jù. Etí ni wọ́n fi ń ra fèrè, wọn kì í fi ojú rà á."

Tíṣà jókòó sídìí dùùrù tó wà ní igun yàrá, ó ń tẹ ohùn kọ̀ọ̀kan, Ẹyẹ sì ń fi fèrè kìíní dáhùn, nísàlẹ̀ àti lókè. Ohùn méjèèjì bára mu bí pákó méjì tí a fá papọ̀.

"Hẹn-ẹn! Ètè dà?" ni ìyá wí. Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀.

Fèrè kejì wúwo, àwọn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀ sì jìnnà sí ìka Ẹyẹ. Ẹ̀kẹta dùn lókè, ṣùgbọ́n ó ń kùn nísàlẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Ní gbogbo àkókò yìí, bàbá ti gbé ti kìíní, ó wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo gígùn rẹ̀, ó sì dá a padà.

"Ti kìíní ni mo fẹ́," ni Ẹyẹ wí, ó sì tún un fun kí ó lè dájú.

Ohùn yẹ̀. Ó tún un gbìyànjú; ó tún yẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́," ni bàbá wí. Ó mú fìlà rẹ̀. "Ilé yá."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ó dáa nígbà àkọ́kọ́." Omi ti lé sí ojú Ẹyẹ.

"Àga tó gbé èèyàn lẹ́ẹ̀kan, tó dà á nù lẹ́ẹ̀kejì, ṣé àga nìyẹn?"

"Ẹ dúró ná, bàbá," ni Onífèrè wí. Ó yọ orí fèrè náà, ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fín ilà sí. "Tí mo bá ti èyí bọ̀ ọ́, àárín ihò tí wọ́n ń fẹnu fẹ́ ló yẹ kí ilà yìí ti hàn. Èdídí kan wà nínú. Béèyàn bá yí ọmọrí kékeré tó wà lókè yìí, èdídí á sún, ohùn á sì yẹ̀."

Ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ilà náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ihò.

"Ẹnìkan ti yí i, nínú yàrá yìí. Ẹ mú ti ilé wá."

Ìyá ṣí àpótí fèrè àtijọ́. Nígbà tí ọ̀pá wọ inú èyí, ilà kò tilẹ̀ hàn rárá.

"Háà! Kì í ṣe ètè, kì í sì í ṣe ogbó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnìkan ti ń fún ọmọrí yìí le. Ta ni?"

"Èmi kì í fọwọ́ kan fèrè akẹ́kọ̀ọ́," ni Tíṣà yára sọ.

"Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń yí," ni Ẹyẹ wí.

Ìyá gba fèrè àtijọ́ náà padà. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí ọkọ rẹ̀ ti í yí ilé po, tí ó ń fún ìdè ilẹ̀kùn le, tí ó ń fún ẹsẹ̀ tábìlì le, tí ó ń fún etí ìkòkò le. Ó wá yíjú sí i. Fèrè kẹta ni káfíńtà gbé dání. Àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ kan wà lórí ọmọrí, wọ́n ń yí i lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

"Onífèrè," ni ìyá wí, "ẹ bá wa tún ti kìíní tò, kí ẹ sì dì í. Ẹni tó yí i ló máa rà á. Tíṣà, ẹ bẹ ọmọ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wá a jìnnà: Bàbá Mú-un-le ni."