Ọwọ́ Mẹ́rin

"Àǹtí Lin, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀," ni Wúrà wí.

Ìsàlẹ̀ ni Lin, ará Ṣáínà, ti ń fọ aṣọ nílé ìtọ́jú arúgbó kan ní Chadwell Heath, ní London. Òkè ni Wúrà ti ń tọ́jú àwọn arúgbó fúnra wọn. Lin fẹ́ gòkè, kí òun náà máa tọ́jú wọn. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnì kan kì í dá gbé arúgbó: ó gbọ́dọ̀ pe ẹnì kejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Seth, ọ̀gá wọn, dán Lin wò, Lin kò tíì la ẹnu pè tí Wúrà fi sáré dé. Ẹni tó tó ìyá ẹni ń tiraka, ta ló máa dúró wò ó? Seth ní Lin ò yege. Ó fún un láǹfààní kan péré sí i, òní sì ni.

Lin ti há gbogbo ohun tí fóònù sọ nípa "hand", ìyẹn ọwọ́, àti bí wọ́n ṣe fi ń pe ìrànlọ́wọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Wúrà na etí aṣọ ìbùsùn sí i.

"Give me a hand," ni Lin wí, ìyẹn ni pé kó ran òun lọ́wọ́.

Wọ́n jọ ká a.

"Ní Yorùbá náà, ọwọ́ la fi ń ranni," ni Wúrà wí.

"Àwa náà," ni Lin wí. "Ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí n má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Wúrà to tówẹ̀lì lé e lápá títí ó fi bo imú rẹ̀. "Kí lẹ máa wí?"

"My hands are full!" Ọwọ́ rẹ̀ ti kún lóòótọ́.

"Ẹ ṣeun. Lókè, bí ẹ ò bá pè mí, mi ò ní wá o."

Lọ́sàn-án, lókè, Seth dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Hùmúàní, arúgbó Yorùbá kan níbẹ̀, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ bọ́ sórí àga onítáyà. Lin dì í mú, kò pe ẹnikẹ́ni. Wúrà káwọ́ sẹ́yìn.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Màmá pariwo mọ́ Wúrà. "Àgbàlagbà ń làágùn, o dúró bí òpó iná! Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Màá bínú!"

Ojú ti Wúrà débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tẹjú mọ́ Lin, kò mira.

Gbogbo ohun tí Lin há sórí ti fò lọ. Ó gbé orí sókè, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀:

"Wúrà! Ọwọ́ méjì ò tó. Mo fẹ́ mẹ́rin. Máa bọ̀!"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Wúrà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n jọ gbé Màmá, wọ́n rọra gbé e jókòó.

"Mọ́ńdè," ni Seth wí fún Lin, "òkè ni kó o ti wá ṣiṣẹ́."

Màmá ò gbọ́ ìyẹn. Ó ń rojọ́ Wúrà fún Lin. "Àfìgbà tí wọ́n pè é kó tó wá. Ọmọ London!"

Lin ò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.