Ọmọ Mélòó Ló Wà Nílé Yìí?

"Màmá, ọmọ mélòó ló wà nílé yìí? Ìyẹn nìkan ni mo bi yín."

"Ọlọ́run ló mọ̀ wọ́n," ni Màmá Akínlabí fèsì. Wọn ò gbójú sókè. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lórí àtẹ, ọwọ́ wọn ń yá bí ẹni pé kò sí àlejò kankan nílé ìdáná.

Mosúnmọ́lá fi báírò lélẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Ìgbà kẹta tó béèrè nìyí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la sì ni kóòtù. Wákàtí kan àbọ̀ ló fi wà lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀, kó tó dé Cypress lẹ́yìn odi Houston, oòrùn ń yan án bí àgbàdo nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ rẹ̀ ti dákẹ́ láti ìjẹta. Gbogbo ìyà yẹn, torí àlàfo kékeré kan lórí ìwé.

"Ẹ ṣáà ní ẹ fẹ́ gba Ìlérí àti Tìmí sọ́dọ̀."

"Mo fẹ́ gbà wọ́n. Ọmọ ọmọ mi ni wọ́n. Èwo ni kẹ́ ẹ máa wádìí mi wò bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé?"

"Adájọ́ ló fẹ́ mọ̀, Màmá. Kì í ṣe èmi."

"Kí adájọ́ wá bi mí."

Mosúnmọ́lá tún báírò mú. Bí àgbàlagbà bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ kọ́ ọ pé kéèyàn mí kanlẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, nílé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tí ewu bá wà fún lọ́dọ̀ òbí wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ìdílé yìí dọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́pẹ́, àbíkẹ́yìn Màmá, ló ń dá gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní apartment kan ládùúgbò Third Ward, ó ń kàwé, ó tún ń ṣiṣẹ́. Àárẹ̀ ọkàn mú un, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jáde láìwọ bàtà, kò sì padà. Èéfín ni aládùúgbò rí tó fi kanlẹ̀kùn: Ìlérí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló gorí àga, tó ń dín dòdò fún àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Mọ́pẹ́ wà nílé ìwòsàn báyìí, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan tó ráyè gba tẹ̀gbọ́n tàbúrò pọ̀. Wọ́n mú Ìlérí lọ sápá kan ìlú, wọ́n mú Tìmí lọ sápá kejì. Láti ọjọ́ náà, Tìmí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó máa ń nawọ́ sí ife ni. Àwọn tó gbà á sọ́dọ̀ sì ti ní àwọn ò lè pa á mọ́ ju ìparí ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Ibi tó kàn tó ṣí sílẹ̀, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni sí Houston. Ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ, àfi bí adájọ́ bá fọwọ́ sí ilé ìyá àgbà lọ́la.

Ilé náà kò ní àbùkù. Akínlabí ọmọ Màmá ló ni ín, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ẹnu iṣẹ́ lobìnrin náà wà lọ́sàn-án yìí. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni ìwé tí Christopher kọ. Christopher ni ọ́fíìsì rán wá yẹ ilé wò ní Tuesday. Ó bi Màmá léèrè iye ọmọ tó wà nílé, Màmá ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ó rò pé wọn ò gbọ́ òun yé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í na báírò sí bàtà àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ni Màmá bá dìde, wọ́n kó gbogbo bàtà dà sínú báàfù, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì jókòó tì í. "Ìyá àgbà yìí ń fi nǹkan pa mọ́," ni Christopher kọ. "Ojú mi kòrókòró ló ṣe kó ẹ̀rí nílẹ̀."

Nígbà tí Mosúnmọ́lá kà á láàárọ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó forí lé tábìlì. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ìyá tó bí i ní Iléṣà, bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ọmọ, "Wọ́n ń bẹ" ni wọ́n máa ń sọ, ó parí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìbá sọ fún Christopher. Ó gbàgbé ni, torí òun fúnra rẹ̀ ti di ẹni tó ń ka ọmọ: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà lórí tábìlì rẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń kà wọ́n.

"Màmá, mo mọ̀ pé a kì í kà á," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n a ò sí nílé. Níbí, bí a ò bá kà wọ́n, wọ́n á ní a ò mọ ibi tí wọ́n wà ni."

Màmá dáwọ́ dúró. "Mo kà wọ́n rí."

"Ẹ̀n?"

"Àwọn tó ń ka èèyàn ló wá, ìjọba ló rán wọn. Akínlabí ti ń lọ síléèwé nígbà náà. Inú mi ń dùn, mo to àwọn ọmọ mi síta, mo ní márùn-ún. Mo pariwo ẹ̀ kí orogún gbọ́: márùn-ún! Ọyẹ́ ọdún yẹn ò tíì parí tí Ọmọ́yẹni fi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Wọ́n mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú nù. "Má sọ fún mi pé ibà ni. Mo mọ̀ pé ibà ni. Mi ò kà mọ́."

Ariwo bọ́ọ̀sì iléèwé dún níta. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí, àpò ìwé ń balẹ̀ gbì, gbì.

"Màmá, ẹ má kà wọ́n. Ẹ kàn máa pè wọ́n wá jẹun bí ẹ ṣe ń pè wọ́n. Èmi á máa kọ orúkọ. Iye wọn, kí adájọ́ kà á fúnra rẹ̀, kó wà lọ́rùn tiẹ̀."

Màmá wò ó, ẹ̀rín sì já lẹ́nu wọn. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Ẹ ò ní kú lọ́gbọ́n." Wọ́n yíjú sí pálọ̀. "Anthony! Ọ̀lẹ tó ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, wá jẹun!"

"Yes, Grandma!"

"Chloe! Àyìnkẹ́ mi!"

"Mo ń bọ̀!"

"Delight! Wẹ ọwọ́ ẹ o, mo ń wò ẹ́!"

Báírò dúró lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá. Ọmọ Akínlabí ni Anthony àti Chloe, ó mọ̀ wọ́n. "Màmá, ta ni Delight?"

"Ọmọ Màríàm ni. Ẹni wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. La Porte ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo. Tí wọ́n bá pín in sí iṣẹ́ alẹ́, ọ̀dọ̀ wa lọmọ ń sùn. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, nígbà míì ó lé. Ṣé kó gbé ọmọ lọ sídìí epo ni?"

"Níbo ló ń sùn?"

"Yàrá Chloe. Bẹ́ẹ̀dì kejì."

Bẹ́ẹ̀dì kejì. Òun gan-an ni Christopher kọ sílẹ̀ fún Ìlérí. Mosúnmọ́lá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú.

Akínlabí ti gbọ́ wọn láti òkè, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju Mosúnmọ́lá lọ, àmọ́ ẹ̀rù ìjọba kò jẹ́ kó pè é ní ìwọ. "Ẹ má wulẹ̀ kọ ìyẹn, madam. Àlejò ni Delight. Ẹ fò ó, ta ló máa mọ̀?"

Mosúnmọ́lá wo ìwé náà. Kó ṣáà dúró síbi tó dé. Kó pa ìwé dé, kó dágbére fún Màmá. Tó bá di Saturday, Tìmí á wà nídìí tábìlì yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jókòó tì í. Ta ló máa mọ̀ lóòótọ́?

Delight ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó wo káàdì iṣẹ́ tó wà lọ́rùn Mosúnmọ́lá, ó wo Akínlabí.

"Uncle," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní èdè òyìnbó, "ṣé kí n tún lọ sí garage, bíi ti Tuesday?"

Màmá kì í tètè gbọ́ èdè òyìnbó àwọn ọmọ, àmọ́ wọ́n gbọ́ garage, yàrá tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. "Kí ló sọ? Ta ló wà ní garage?"

Anthony ló dáhùn, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. "Daddy ló ní kó lọ jókòó síbẹ̀, Grandma. When that man came."

"Nínú ooru yẹn?"

"Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ," ni Akínlabí wí. "Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Torí Tìmí ni, Màmá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ilé kún jù."

"Akínlabí." Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ tí wọ́n tọ́ nílé onílé, nígbà tí mò ń wá oúnjẹ kiri! Ṣé Ìyá Bámidélé tó gbà ẹ́ sílé fi ẹ́ pa mọ́ rí? Àlejò dé bá wọn, wọ́n ní kó o lọ dúró sẹ́yìnkùlé?"

Akínlabí wolẹ̀ bí ọmọ kékeré.

Ohun tó dun Mosúnmọ́lá jù nìyẹn: Christopher kò jẹ̀bi tán. Mosúnmọ́lá ti jìyà oòrùn wá láti òpin ìlú, kó lè fi hàn pé òyìnbó ni kò mọ àṣà. "Bùọ̀dá, ṣé ẹ rí ohun tẹ́ ẹ ṣe?" Ó yíjú sí Akínlabí. "Ẹ ti sọ Màmá di elékèé. Ta ni màá ṣàlàyé fún báyìí?"

"Kọ orúkọ ẹ̀," ni Màmá wí.

"Màmá, tí mo bá kọ ọ́, wọ́n lè ní kò sáàyè fún Ìlérí. Tí wọ́n bá gbọ́ ti garage, wọ́n lè má fún yín ní ìkankan."

"Mo gbọ́. A kì í lé ọmọ ẹlòmíì jáde kí tiwa tó wọlé. Kọ ọ́ kó hàn. Yàrá mi nísàlẹ̀ níbí tóbi jù mí lọ, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì méjèèjì wá kún tèmi, àwọn ọmọbìnrin á máa sùn síbẹ̀. Èmi á gba ti Chloe lókè, Akínlabí á wá bẹ́ẹ̀dì fún mi."

"Àkàsọ̀ ńkọ́, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn yín?"

"Ṣé orúnkún mi lo wá kọ sílẹ̀ ni?"

Mosúnmọ́lá kọ ọ́: Delight. Ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó kọ iye alẹ́ tó ń sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ti garage, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún jáde lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ó mú fóònù.

"Christopher, padà wá sí Cypress lónìí."

"Lónìí? Ṣé o mọ bí freeway ṣe rí?"

"Ara mi mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan wà tí o ò rí ní Tuesday, wọ́n fi í pa mọ́. Òótọ́ lo fura sí. Àmọ́ ti bàtà yẹn, àṣà ni, Màmá kò fi nǹkan pa mọ́. Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún ẹ, mi ò sọ. Wá, kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ lójú Màmá. Lọ́la, èmi náà á dìde sọ ọ́ níwájú adájọ́."

"Tí adájọ́ bá kọ̀ ńkọ́?"

"Kó kọ̀ lórí òótọ́."

"Aago mẹ́fà," ni Christopher wí, ó sì pa fóònù.

Nǹkan kan ń ró gbàgà-gbàgà lórí àkàsọ̀. Akínlabí ti ń dá wọ́ bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀, òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀dì há síbi tí àkàsọ̀ ti ṣẹ́ kọ́nà. Màmá dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ abíyá, wọn ò tíì bá a sọ̀rọ̀. "Delight, sọ fún bàbá yẹn kó yí i sọ́tùn-ún."

"Uncle, Grandma says turn it right."

Mosúnmọ́lá bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó gun àkàsọ̀, ó sì di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ gbé tiyín sókè díẹ̀, Bùọ̀dá," ló wí. "Ó ku èkejì lẹ́yìn èyí."