Ohun Tí Mo Jẹ́wọ́ Lẹ́nu Ibodè

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyáálé mi burú, mà á bá a jà. Èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, torí èmi ni ọ̀rọ̀ náà dùn.

Ìyàwó méjì ni Baba Eriya ní, ọkọ wa tó ń fi páànù ṣe garawa ní Buhera. Ìyá Eriya ni ìyáálé, ọmọ mẹ́rin ló bí. Èmi ni ìkejì. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro sadza, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo wa, tí àwọn àna mi ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló sì wẹ ọmọ mi Ropa lọ́jọ́ tí mo bí i. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju àwọn tí a jọ mu ọmú ìyá kan náà lọ.

Aláṣọ funfun ni gbogbo ilé wa. Nínú ìjọ tiwa, a kì í lo abẹ́rẹ́, a kì í lo hóró oògùn, àgbo pàápàá èèwọ̀ ni. Omi tí àgbà ìjọ gbàdúrà sí la ń mu. Lọ́dọọdún, nígbà Ìrékọjá, àwọn wòlíì á tò ní méjìméjì, wọ́n á fi ọ̀pá wọn kanra lókè, ìyẹn la ń pè ní ibodè. Kò sẹ́ni tó lè jẹ oúnjẹ Olúwa láìkọjá níbẹ̀. Wàá kúnlẹ̀, wàá jẹ́wọ́ ohun tí o ṣe àti ohun tí o rí tí ẹlòmíràn ṣe. Bí o bá fi nǹkan pamọ́, Ẹ̀mí á tú àṣírí rẹ fó lójú gbogbo ayé. Mo gba èyí gbọ́ ju àwọn wòlíì fúnra wọn lọ, mo ti wá mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí.

Lọ́dún tí wọ́n gbé mi wọlé, mo rí Ìyá Eriya lẹ́yìn àká níbi tó ti ń gbé hóró oògùn orí fífọ́ kan mì. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ibodè. N kò ṣe é pẹ̀lú ìkà, ọkàn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà là. Wọ́n bọ́ aṣọ funfun lára rẹ̀, oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sórí ilẹ̀ lásán lẹ́yìn ìjọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí i. Nígbà tó parí, ó ní, "Ìyàwó, o ṣe dáadáa. Ọlọ́run lo ń sìn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí.

Lẹ́yìn náà ni èéyi wọ agbègbè wa. Ropa ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, òun àti àwọn ọmọ Ìyá Eriya ni wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ara rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ dì, ikọ́ dè é mọ́lẹ̀. A gbàdúrà, a fún un lómi. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó kú sí apá mi. Ìkankan nínú àwọn mẹ́rin yòókù kò tilẹ̀ sín.

Nígbà tí Ìrékọjá dé, mo ti lóyún ọmọ mi kejì, Jeremia, sínú, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ibodè. Wòlíì Hezekaya wò mí títí. Ó ní, "O ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló pa ọmọ rẹ." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú mi síta. Mo jẹ́wọ́ ṣúgà tí mo jí lá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Mo jẹ́wọ́ ọkùnrin kan tí mo rí lójú àlá. Ó ní kò tíì tó, wọn ò jẹ́ kí n kọjá. Ìyá Eriya ló tẹ̀ lé mi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Mímọ́ ni. Kọjá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri inú ara mi. Mò ń wá a bí mo bá ń pọnmi, mò ń wá a bí mo bá ń fún Jeremia lọ́mú.

Jeremia pé oṣù mẹ́sàn-án, èéyi sì tún dé. Wọ́n ti sin ọmọ méjì ní abúlé kejì. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn: ẹní kan, àdúrà kan, omi kan, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọmọ tèmi nìkan ló kú? Mo lé ìbéèrè náà títí, kò lọ. Ẹ̀rù ló sì gbé mi nílẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo ní mò ń lọ lọ àgbàdo. Mo bọ́ aṣọ funfun mi sẹ́yìn òkìtì ikán, mo gbé ọmọ pọ̀n, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì gún Jeremia ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nítan méjèèjì. Ó wá bi mí pé, "Káàdì ẹ ńkọ́, wàá mú un lọ ni, àbí kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀?"

"Ẹ tọ́jú ẹ̀ kẹ̀?"

"Àh, bẹ́ ẹ tiẹ̀ bọ́ aṣọ ọ̀hún, mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin aláṣọ funfun kì í mú un relé. Ọkọ ò gbọdọ̀ rí i. Kí lorúkọ ọkọ ẹ?"

"Zefania Muchapera. Onípáànù."

"Ilé onípáànù! Tiyín ti wà ńbí tẹ́lẹ̀ nígbà náà. Mà á kó o pọ̀ mọ́ wọn." Ó ṣí àpótí, ó fa káàdì mẹ́rin yọ tí wọ́n fi rọ́bà so pọ̀.

Eriya. Rute. Dorika. Amosi. Mo mọ̀wé kà, mo sì ka ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú Ropa. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ìyá Eriya ní òun ń kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá òun. Ropa sunkún pé òun á bá wọn lọ. Ìyá Eriya rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó ní, "Dúró ti màmá ẹ."

Mo bá a nílé, ó ń pa ẹ̀pà.

"Ìyáálé mi, mo ti rí káàdì."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Káàdì wo?"

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé o! Mẹ́rin. Mo kà wọ́n."

Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo àpò àgbàdo mi tí wọn ò lọ̀. "O ti gbé Jeremia lọ? Jésù, o ṣeun."

"Ẹ má pe Jésù fún mi. Ropa di aṣọ yín mú. Ọmọ kan péré ló máa wúwo jù fún yín?"

"Kí n gbé e lọ, kó délé kó ní wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́? Ìwọ wá ńkọ́, kí lo máa ṣe?"

"Mà á dákẹ́!"

"Ìwọ kẹ̀, Kundai? Hóró kan ni mo gbé mì. Hóró kan! Amosi ń sunkún ọmú lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọn ò jẹ́ kí n gbé e. Ìwọ lo tú àṣírí mi fún wọn, tí omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú ẹ."

"Ẹ wà lẹ́yìn mi lẹ́nu ibodè. Ẹ gbọ́ pé wọ́n ní èmi ni mo pa ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì mẹ́rin nípamọ́, wọ́n ní ẹ mọ́."

"Wọ́n ní mo mọ́."

"Ẹ̀mí ò rí yín?"

Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára. "Ìyá Ropa, ohun tí a bá fẹnu ara wa sọ nìkan ni wọ́n ń mọ̀ níbẹ̀."

Mo fẹ́ da garawa ẹ̀pà náà lé e lórí. Mo fẹ́ lọ bá Hezekaya kí n fa irùngbọ̀n rẹ̀ tu. Àdúrà tí mo gbà lórí Ropa fún ọjọ́ mẹ́jọ ń padà wá sí etí mi, ojú sì ń tì mí.

"Bi ara ẹ," Ìyá Eriya wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ká ní mo sọ fún ẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé gbé ọmọ ẹ, ká lọ. Ṣé wàá tẹ̀ lé mi?"

Mo la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni ì bá jẹ́. Mo mọ obìnrin tí mo jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ Baba Eriya ni ì bá sáré lọ fẹjọ́ sùn. Ìkankan nínú àwọn ọmọ ò ní dé ilé ìwòsàn, bóyá sàréè márùn-ún ni ì bá wà lẹ́yìn ilé wa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara Jeremia gbóná, itan rẹ̀ wú díẹ̀. Ìyá Eriya ti rẹ aṣọ sínú omi tútù, ó ń fi nù ún nígbà tí Baba Eriya wọlé.

"Kí ló ń ṣe ọmọ?"

Ìyá Eriya ò gbójú sókè. Èmi ló ń dúró dè.

"Eyín ló ń hù," mo ní.

Baba Eriya gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún eyín náà. N kò tíì dárí ji ìyáálé mi, n kò sì mọ̀ bóyá mà á dárí jì í láé. Àwa méjèèjì la jọ ṣe àmín.